Ìrẹsì Tí Ọmọ́níyì Fà Tu

Ọ̀sán ti pọ́n kí Rẹ̀mílẹ́kún tó dé oko lọ́jọ́ náà. Ìdí ẹ̀rọ tó ti ń lọ ẹ̀gẹ́ ló pẹ́ sí, nítorí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ níbẹ̀ pọ̀. Oṣù keje ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú, bàtà òjò rẹ̀ sì ń rì sínú ẹrẹ̀ bí ó ti ń gba etí odò bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n oúnjẹ lórí.

Ọkọ rẹ̀, Ọmọ́níyì, ti wà nínú akùrọ̀ láti àárọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa koríko tu láàárín ìrẹsì, iṣẹ́ tó sì ti ṣe kì í ṣe kékeré: òkìtì mẹ́ta ló ti kó jọ sí etí oko. Rẹ̀mílẹ́kún sọ agbọ̀n kalẹ̀ lábẹ́ abà, ó lọ síbi òkìtì àkọ́kọ́ láti kó o dà sínú igbó bí ìṣe rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó wò ó. Ó tún bu òmíràn.

Ìrẹsì ni.

Ó lọ síbi òkìtì kejì, ó lọ síbi ẹ̀kẹta. Ìrẹsì ni gbogbo rẹ̀, tútù, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára gbòǹgbò. Ó gbójú sókè wo ibi tí ọkọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ kọjá. Koríko ló dúró síbẹ̀ ní tirẹ̀, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn.

"Ìyá Bùnmi, ìwọ nìyẹn?" Ọmọ́níyì nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn. "Ṣé o rí ibi tí mo bá a dé? Ara mi yá lónìí."

"Mo rí i," ni Rẹ̀mílẹ́kún dáhùn. "Ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ wá jẹun."

Ọkọ rẹ̀ jẹun, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú abà, oorun sì gbé e lọ. Rẹ̀mílẹ́kún ò jẹun. Ó wọ inú omi, ó fa koríko tí ọkọ rẹ̀ dá sí, ó sì ń fi ìka dá ihò, ó ń gbin ìrẹsì náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò wọn tó gbẹ. Ó ti gbìn tó ìdajì kí Ọmọ́níyì tó jí.

"Kí lò ń gbìn?"

"Eku ló jẹ àwọn ibì kan. Àlàfo ni mò ń dí."

"Eku ọdún yìí mà burú o," ni Ọmọ́níyì wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí iṣẹ́ rẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún gbọ́ bó ti ń fà á tu lẹ́yìn òun, pápá, pápá, kò sì lè wẹ̀yìn.

Ní Igbemo, ìlú wọn, ẹni tó bá ń gbin ìrẹsì mọ koríko kan tó jọ ìrẹsì bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Oògùn apakoríko kì í pa á tán. Àfi kí èèyàn fi ọwọ́ tu ú kó tó so. Ìyá Ọmọ́níyì ló kọ́ Rẹ̀mílẹ́kún bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí ìyàwó, ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn. "Wo ibi tí ewé ti pàdé igi rẹ̀," ni ìyá náà wí. "Èyí tó bá ní irun, ìrẹsì ni. Èyí tí kò bá ní, fà á." Ọmọ́níyì ní tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ wo irun kankan. Orí ìnàró ló ti ń dá wọn mọ̀, a sì máa fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń wo ìdí ewé bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ.

Ojú yẹn ló ń lọ. Rẹ̀mílẹ́kún ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Ó kọ́kọ́ rí i lórí oúnjẹ, tí ọkọ rẹ̀ ń fi òkèlè wá ọbẹ̀ káàkiri etí àwo. Lẹ́yìn náà, Ọmọ́níyì ò kí ènìyàn lójú pópó mọ́ àfi bí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní iná tí wọ́n ń mú wá báyìí kò mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ra awò ojú létí títì ní Adó, ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní awò náà ò dára.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, alàgbà ni, òun ló sì máa ń ka Sáàmù lọ́jọ́ Àìkú. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, yóò pe ìyàwó rẹ̀ jókòó. "Ka ti ọ̀la fún mi," ni yóò wí, "kí n gbọ́ bóyá o ò tíì gbàgbé ìwé." Rẹ̀mílẹ́kún yóò kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ọkọ rẹ̀ yóò ṣí Bíbélì síwájú, yóò tẹjú mọ́ ọn, yóò sì ké Sáàmù náà láti orí wá láìṣì. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ yí Sáàmù padà lójijì, Ọmọ́níyì ní ọ̀fun ń dun òun, ó sì lọ jókòó. Kò sí ẹni tó fura, àfi obìnrin tó wà lórí ìjókòó kẹta lápá ọ̀tún, ìyàwó rẹ̀.

Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Òun náà bi ara rẹ̀ léèrè. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ń jókòó. Bàbá Ọmọ́níyì kú lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, oko ló sì ti dé lọ́jọ́ tó kú. Bí wọ́n bá sọ fún Ọmọ́níyì pé kò lè tu koríko mọ́, kí ni yóò máa jí ṣe láàárọ̀? Nítorí náà Rẹ̀mílẹ́kún dákẹ́, ó sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ohun tí ọkọ fà tu lówùúrọ̀, aya gbìn ín nírọ̀lẹ́.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Rẹ̀mílẹ́kún. Iṣẹ́ èèyàn méjì ti wá di ti mẹ́ta, òun nìkan ló sì ń ṣe méjì níbẹ̀. Omi ti jẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi funfun tó sì là. Bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn á dùn ún. Bó bá nàró, eékún. Lálẹ́, kó tó jẹun tán ni oorun á ti mú un, tòun ti òkèlè lọ́wọ́. Ó gbìyànjú láti fi ọgbọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn fún ọkọ rẹ̀. Ó ní kí ó lọ tún òrùlé abà ṣe. Ọmọ́níyì ní abà kì í ṣe ohun tí à ń jẹ. Ó ní kí ó lọ ro àgbàdo tó wà lórí òkè. Ọmọ́níyì lọ, ó sì fi ọkọ́ gé poro àgbàdo méjì lulẹ̀ mọ́ koríko. Àgbàdo kì í ṣe ìrẹsì, kò ṣeé gbìn padà. Rẹ̀mílẹ́kún kó o fún ewúrẹ́, ó sì tún mú ọkọ rẹ̀ padà sí akùrọ̀.

Ní ìparí oṣù keje, Adéyẹyè tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà wá bá a nínú omi. Ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ọwọ́ Rẹ̀mílẹ́kún bó ti ń gbìn.

"Ìyá Bùnmi, ẹ má bínú. Ṣé ohun tí Bàbá ń fà tu náà lẹ ń gbìn?"

Rẹ̀mílẹ́kún wo apá ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Ó jìnnà díẹ̀.

"Adéyẹyè, mo bẹ̀ ọ́."

"Kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kí o má sọ fún òun."

Adéyẹyè gbọn orí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i. Èmi rò pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀." Ó bẹ̀rẹ̀, ó bá a gbin ìlà kan, ó sì padà sí oko tirẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹjọ wọlé, òjò dá, bó ti máa ń dá. Oòrùn mú fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Ìrẹsì tí a kò fọwọ́ kàn fara dà á, ṣùgbọ́n èyí tí a fà tu tí a tún gbìn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n létí. Ìlà ìlà ló pọ́n, débi pé ẹni tó bá dúró lórí ilẹ̀ gíga lè fi ojú tọ ipa ọwọ́ Ọmọ́níyì láti etí odò títí dé ìdí abà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọmọ wọn, Olúbùnmi, dé. Àwọn ọmọ wọn mẹ́ta tó kù ti lọ jìnnà, ṣùgbọ́n Adó ni Bùnmi wà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àdúgbò Òkè-Ìlá níbẹ̀ ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Iléèwé ti gba ìsinmi gígùn, ó sì wá ran àwọn òbí rẹ̀ lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Lọ́jọ́ kejì tó dé, òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń tu koríko ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìyá wà lápá kejì. Bùnmi lọ bu omi mu. Bó ti ń bọ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù omi lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ yíjú sí i.

"Ìyá Bùnmi, fún mi ní omi díẹ̀."

Bùnmi dúró. Ó rò pé àwàdà ni. Aṣọ pupa ló wà lọ́rùn rẹ̀, ṣòkòtò ló wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ò wọ ṣòkòtò rí láyé. Ó na kọ́ọ̀bù náà sí bàbá rẹ̀ lápá òsì. Ọmọ́níyì na ọwọ́ síwájú gbọnrangandan, kò bá nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni Bùnmi wo ilẹ̀, ó sì rí ohun tó wà ní ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ìrẹsì lẹ fà!"

Ohùn rẹ̀ lọ sókè. Adéyẹyè lọ́hùn-ún gbọ́, ó sì fi ẹ̀yìn sí wọn. Rẹ̀mílẹ́kún nàró pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́.

Ọmọ́níyì bẹ̀rẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá nǹkan tó fà náà rí, ó mú ẹyọ kan, ó sì fi àtàǹpàkò tọ ewé rẹ̀ títí dé ibi tó ti pàdé igi. Ó wá irun náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ìrẹsì ni," ló wí. Ó mú òmíràn. "Ìrẹsì ni." Ó wá jókòó sórí ilẹ̀ etí oko, tòun ti ẹrẹ̀. "Ìyá Bùnmi."

"Bàbá Bùnmi."

"Láti ìgbà wo?"

"Ìrẹsì, láti oṣù keje. Ojú yín, láti ọdún tó kọjá."

"O sì ń wò mí."

"Mo ń gbìn ín padà."

"Mo ní o ń wò mí!" Ọmọ́níyì ò pariwo mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí láàárín ọdún méjìdínlógójì. "Èmi ń ṣe wèrè nínú oko bàbá mi, gbogbo ayé ń wò mí, ìwọ ń sọ fún mi pé eku ni! Eku!" Ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé, kò mú ọ̀pá, kò mú àdá rẹ̀. Bùnmi tẹ̀ lé e láti òkèèrè. Ó rí i tí bàbá rẹ̀ kọ lu igi ọ̀pẹ tó wà ní ìyànà, ibi tó ti ń kọjá láti kékeré, tó fi ọwọ́ gbá igi náà mú díẹ̀ kó tó máa lọ.

Rẹ̀mílẹ́kún nìkan ló kù nínú omi. Ìtìjú mú un, àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é, lẹ́yìn náà ni inú wá bí i. Ó fẹ́ bú sẹ́kún, kò rí omijé. Àárẹ̀ ló wà níbi tí ó yẹ kí omijé wà. Òkìtì tí ọkọ rẹ̀ fà lọ́jọ́ náà wà nílẹ̀, oòrùn sì ti ń pa á. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò gbìn ín padà. Ó fọ ẹsẹ̀, ó lọ sílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Ọmọ́níyì ò fi bá a sọ̀rọ̀. Á jẹun, á jókòó sẹ́yìn ilé, á wọlé. Bùnmi ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Adó, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Dókítà tó wo ojú Ọmọ́níyì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé, kò yára. Ó tan iná sí i, ó ní kí ó gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ, ó ń bi í ní ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó fa àga súnmọ́ ọn.

"Bàbá, mi ò ní tàn yín. Àìsàn kan wà tó máa ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kì í dunni, ènìyàn kì í tètè mọ̀. Òun ló ń ṣe yín. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Ṣùgbọ́n a lè di èyí tó kù mú. Ẹ ó máa kán oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró."

"Ṣé n ó lè dá ìrẹsì mọ̀ lára koríko?"

Ayọ̀mídé wo Bùnmi, ó tún wo bàbá náà. "Ṣé wọ́n jọra ni, sà?"

Ọmọ́níyì mí kanlẹ̀. "Wọ́n jọra," ló wí.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n bá padà, Bùnmi jókòó sí iwájú. Ọkọ àti aya wà lẹ́yìn, oògùn ojú náà wà nínú ọ̀rá lórí ẹsẹ̀ Rẹ̀mílẹ́kún. Wọ́n ti jáde kúrò nínú ìlú kí Ọmọ́níyì tó yíjú sí fèrèsé, bí ẹni pé igbó ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ́ ọ láti máa parọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń há Sáàmù sórí, tí ẹ ń ṣí Bíbélì síwájú."

Èjìká Ọmọ́níyì wá ń mì, Rẹ̀mílẹ́kún rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi sùn lọ, orí rẹ̀ ń gbá fèrèsé ọkọ̀, ọkọ rẹ̀ sì fi ọwọ́ wá orí náà títí ó fi gbé e lé èjìká ara rẹ̀.

Wọ́n dín oko kù. Adéyẹyè gba apá ìsàlẹ̀ akùrọ̀, ó ní òun á máa tọ́jú rẹ̀, nígbà ìkórè wọn á jọ pín in. Apá òkè ni Rẹ̀mílẹ́kún dá tọ́jú, òun àti Bùnmi, títí Bùnmi fi padà sí Adó. Lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan ni. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ padà, koríko sì ń hù bí ẹni pé wọ́n rán an sí i. Kò ní láti gbin nǹkan kan padà mọ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò mọ ìyàtọ̀. Àárẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ kì í tán ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń kán oògùn sójú ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ, ó ń kán an lálẹ́ bó bá dé, nígbà mìíràn oorun a máa kùn ún tí oògùn á fi kán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí ìrẹsì yọ orí, Ọmọ́níyì ní òun ń bọ̀ lóko wá lé ẹyẹ.

"Ẹyẹ kì í ṣe koríko," ló wí. "Mo ń gbọ́ràn."

Rẹ̀mílẹ́kún ò bá a jiyàn. Ó fa okùn kọjá láàárín oko, ó so agolo mọ́ ọn, ó sì fi ìdí okùn lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ nínú abà. Lóòótọ́, Ọmọ́níyì ń gbọ́ràn. Bí ẹ̀ga bá ti ń bọ̀ láti orí ọ̀pẹ, kí wọ́n tó bà, á ti fa okùn, á ké, agolo á dún gbàlàgbàlà, ẹyẹ á sì túká. Rẹ̀mílẹ́kún wá ń rí àyè jókòó lọ́sàn-án, nǹkan tí kò ṣe láti oṣù kẹfà.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó rìn lọ sí igun tó wà létí odò, ó sì bá pòròpórò òfìfo. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan, irú èyí tí kì í ké bó bá ń jẹun, ti jẹ igun náà mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kan àwọn orí ìrẹsì náà. Ó lè dákẹ́. Ó rò ó wò. Ìrònú náà gan-an tún rẹ̀ ẹ́.

Ó padà sí abà. "Bàbá Bùnmi, ẹyẹ ti jẹ igun odò."

Ọmọ́níyì di okùn mú. "Mi ò gbọ́ wọn."

"Àwọn kéékèèké ni. Wọn ò ké."

"Ó ti tó bí mélòó?"

"Ó tó ìdá kan nínú márùn-ún."

Ojú ọkọ rẹ̀ fà ro. Ó gbé àga rẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó na ọwọ́ kejì sí ìyàwó rẹ̀. "Mú mi lọ síbẹ̀." Rẹ̀mílẹ́kún mú un lọ sí igun odò, Ọmọ́níyì sì jókòó sí àárín ìrẹsì gan-an, ó ń fi ọ̀pá gbá omi ní gbogbo ìgbà, yálà ẹyẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí di ọjọ́ ìkórè, oòrùn ń pa á, ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́, kò sì ráhùn.

Wọ́n kórè ní oṣù kọkànlá. Kò pọ̀ tó ti ọdún tó kọjá, ó sì pọ̀ ju bí Rẹ̀mílẹ́kún ti rò lọ. Adéyẹyè kó tirẹ̀ wá bó ti ṣèlérí. Bùnmi ń wá lópin ọ̀sẹ̀, ó bá wọn lu ìrẹsì, ó bá wọn fẹ́ ẹ, ó sì sá a sórí tápólì níwájú ilé.

"Màmá, ṣé ẹ tún máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpò, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sùn ná," ló wí.

Ó wọlé, ó sì sùn. Ọjọ́ Sátidé ni, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kò jí ní ọ̀sán. Ọmọ́níyì gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀, ó na ọ̀pá rẹ̀ dí ọ̀nà. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Ìyá Bùnmi, wọ́n sì béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá ni.

"Ara rẹ̀ yá," ni Ọmọ́níyì wí. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ padà wá lọ́la."